Ẹsẹ̀ 800 Mítà Lórí Ọ̀nà Kìlómítà 21

Eré 800 mítà ni mo ń sá nílé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀, ó ti parí, o ti na gbalaja sórí koríko, ò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo gbé lọ sí Great North Run àkọ́kọ́ mi, half marathon (eré kìlómítà 21) tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Newcastle nílẹ̀ England tó ń parí létí òkun ní South Shields. Mo fi ìṣẹ́jú 20 àti ààbọ̀ sá kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́. Inú mi ń dùn, àṣé gbèsè ni mo ń jẹ. Nígbà tó fi máa di kìlómítà 15, àwọn ìyá àgbà ń kọjá lára mi, wọ́n ń kí mi kú ìrọ́jú. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 41 ni mo lò.

Mo ní lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ ju 1:35 lọ. Ọ̀sẹ̀ 14 ni mo fi múra.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni kéèyàn rọra sáré. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń sá bí ẹni tí ajá ń lé, títí tí ojúgun ọ̀tún mi fi ń ro mí lórí àtẹ̀gùn ilé. Mo sinmi ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà tí mo padà, létí odò Tyne, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké oríkì ìdílé wa bí mo ṣe ń lọ. Ibi tí èémí bá ti já oríkì náà mọ́ mi lẹ́nu, ibẹ̀ ni mo ti ń dẹwọ́. Ó ń já sí bí ìṣẹ́jú mẹ́fà fún kìlómítà kan. Ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ lọ sáré ni àbí ẹ lọ nasẹ̀?"

Mi ò dá a lóhùn. Nínú 800 mítà, ara lè yá agbára lò kó sì san án tó bá débi ìparí. Nínú kìlómítà 21, èémí ló ń gbé gbogbo ẹ̀, kò síbi tí èèyàn ti máa yá a.

Lọ́jọ́ Wednesday, mo ń sá kìlómítà mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 4:25 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín. Lọ́jọ́ Sunday, mo bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 12 títí mo fi dé 20. Friday nìkan ni mo fún ẹsẹ̀ àtijọ́ láyè: 200 mítà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò jẹ́ sọ ìyẹn nù. Ẹsẹ̀ yíyá wúlò fún ọ̀nà jíjìn náà: eléré ìje Britain tó ń jẹ́ Mo Farah sá 1500 mítà ní ìṣẹ́jú 3:28.81 ní Monaco lọ́dún 2013, ló bá tún gba Great North Run yìí kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, láti 2014 dé 2019.

Lọ́jọ́ eré, lórí Tyne Bridge, àwọn èèyàn ń ya mí sílẹ̀ wìtìwìtì. Ó wù mí kí n tẹ̀ lé wọn. Mo ké oríkì sínú. Kìlómítà márùn-ún: ìṣẹ́jú 22:20. Lórí òkè John Reid Road, mo ń bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà da gẹ̀rẹ́ sétí òkun, mo wo aago, ó ku nǹkan bí 800 mítà. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn! Mo ju oríkì sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

1:33:40. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé, ìyàwó mi sì ń ya fídíò.