Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ kaúńtì wò kẹ́ ẹ tó gbaṣẹ́ níbẹ̀

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa tí wọ́n ń pè síṣẹ́ láwọn ìgbèríko Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wo kaúńtì tí ọsibítù yẹn wà dáadáa, ìyẹn àgbègbè tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan ò tó o. Àbúrò mi kan ò wò ó, ó débẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé kò sílé tó fẹ́ rẹ́ǹtì.

Ẹ tẹ QuickFacts àti orúkọ kaúńtì yẹn sórí Google, ti Census Bureau ni, àwọn tó ń ka èèyàn fún ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má wo iye èèyàn ọdún kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká mú Holmes County ní Mississippi: èèyàn 21,609 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2000, ní 2010 ó di 19,198, ní 2020 ó ku 17,000 géérégé. Bẹ́ẹ̀ ní 1940 wọ́n lé ní 39,000! Ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ oko òwú lọ́wọ́ wọn, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn náà wà ńbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ bá kó lọ sí Chicago àtàwọn ìlú ńlá míì. Tẹ́ ẹ bá rí iye tó ń wálẹ̀ báyìí, ẹ béèrè nípa ọsibítù yẹn gan-an, ṣé ó ṣì máa wà tó bá dọdún márùn-ún, iléèwé ọmọ ńkọ́, kẹ́ ẹ sì wo iye àwọn tó ti pé 65 torí àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ojú ìwé yẹn náà ló máa sọ ẹ̀yà fún yín. Ní Holmes, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó lé ní ọgọ́rin tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, torí náà ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń gbé ìgbèríko.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń rú èèyàn lójú jù. Median ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi áfírééjì sílẹ̀. Ká ní ilé márùn-ún ló wà, mẹ́rin ń rí 30,000 dọ́là lọ́dún, ìkarùn-ún ní kànga epo, ó ń rí mílíọ̀nù kan. Áfírééjì á ní 224,000 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń rí, median tó máa ń mú ti àárín á ní 30,000, èyí ló sún mọ́ ohun tójú yín máa rí. Owó gbogbo ará ilé pa pọ̀ ni o, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Tí kaúńtì bá kéré, ẹ tún ṣọ́ra. Loving County ní Texas, èèyàn 64 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020, kí lẹ fẹ́ fi median ibẹ̀ ṣe? Fún ibi téèyàn ò bá tó 65,000, ìwádìí ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń pa pọ̀, ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n sì ń bi. Ẹ lọ sí data.census.gov kẹ́ ẹ wo margin of error, ìyẹn bí iye tí wọ́n kọ ṣe lè fi lé tàbí kó fi dín: tí median bá jẹ́ 40,000, tó wá fi ±15,000 sí i, ó lè jẹ́ 25,000, ó lè jẹ́ 55,000.

Ẹ yẹ ẹ̀wọ̀n wò náà, torí ibi tí wọ́n ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ni wọ́n ti ń kà á, tí ọkùnrin bá pọ̀ ju obìnrin lọ fíìfíì, ẹ wo group quarters, ìyẹn iye àwọn tó ń gbé pa pọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé ara wọn, bí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá ṣí DP04, tábìlì ọ̀rọ̀ ilé gbígbé lórí data.census.gov, owó rẹ́ǹtì wà níbẹ̀, ẹ fi wé owó oṣù tí wọ́n fẹ́ san fún yín.