Bí mo ṣe kọ́ ọmọ pírámárì 4 tí kò mọ̀wé kà, títí ó fi kàwé síwájú kíláàsì

Olùkọ́ tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á mọ irú ọmọ yìí. Bí ẹ bá ní kó kàwé, á ka ojú ewé kan láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sí lórí ìwé. Ó ti há a sórí ni. Ọmọ tí mo kọ́ ní Ìpẹ́rù Rẹ́mọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 10 la lò, ìṣẹ́jú 20 láràárọ̀ kí wọ́n tó lu agogo àsẹ́ńbílì.

Ojú àti etí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo ní kó dúró sẹ́yìn kíláàsì kó ka nọ́ńbà tí mo kọ sí bọ́ọ̀dù. Èmi náà dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo rọra pe orúkọ nǹkan márùn-ún, mo ní kó pè é tẹ̀lé mi. Méjèèjì dára. Ká ní ọ̀kan mẹ́hẹ ni, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Mo wá gé páálí wẹ́wẹ́, mo kọ lẹ́tà Yorùbá 25 sí i, mo dà wọ́n rú. Ẹ má tò wọ́n ní a, b, d o, torí orin lọmọ máa kọ fún yín. 16 ló mọ̀. Ó ń pe b ní d, kò sì ka àmì ìsàlẹ̀ sí rárá, nítorí náà e àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Gb ló burú jù, lẹ́tà méjì ló pè é. Èyí tí kò mọ̀ nìkan ni mo kọ sínú ìwé mi, òun náà nìkan la sì ṣiṣẹ́ lé lórí.

Àṣìṣe tí àwa olùkọ́ ń ṣe jù ni pé a máa ń ní kí ọmọ pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó so wọ́n pọ̀. "Bí" àti "a" kì í di "ba" létí ọmọ, "bía" ló ń gbọ́. Sílébù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi yíǹkì dúdú kọ kọ́ńsónáǹtì, mo fi pupa kọ fáwẹ̀lì, mo sì mú b, t, k, l, m pẹ̀lú a, i, o péré. Sílébù 15 nìyẹn, ó sì tó kọ bàtà, ata, ilá, omi, oko, ìbà àti kòkó. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ to "ko" mọ́ "ko", tó gbójú sókè tó ní "Kòkó!", òun ló ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohùn gba àkókò. Mo kọ ìgbà, igba, igbá, igbà àti ìgbá sílẹ̀. Mo gbé igbá gidi kalẹ̀, mo ra ìgbá lọ́jà, mo fi okùn ṣe igbà agun-ọ̀pẹ, mo kọ 200 sórí páálí. Bó bá jẹ́ dò, a gbá itan. Bó bá jẹ́ re, a gbá tábìlì. Bó bá jẹ́ mí, a pàtẹ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, gbogbo fáwẹ̀lì ló ń fàmì sí lórí. Mo ní kó máa gbá a kó tó kọ ọ́, ibi tọ́wọ́ bá ti kan tábìlì, kò sí àmì níbẹ̀.

Ó tún ń kọ "ọgbán". Ìyẹn ò le: lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, ọn là ń kọ, bí ìbọn àti ọgbọ́n, lẹ́yìn àwọn bíi t, s àti r, an ni, bí ìtàn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo pa ìwé kíláàsì tì. Mo ní kó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń se ikọ́kọrẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́, gbólóhùn kan sí ìlà kan:

Ìyá mi bẹ ewùrà.
Ó fi omi fọ̀ ọ́.
Ó rin ín sínú abọ́.
Ó gbé ata àti epo kaná.
Ó fi ẹja àti edé sí i.
Ó ń fọwọ́ bu ewùrà sínú ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni, kò sí èyí tí kò yé e. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè tún há a sórí. Lọ́jọ́ kejì, mo gé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ní kó tò ó padà, mo sì fi "edé" sí ipò "ewùrà" láìsọ fún un. Ó rí i.

Nígbà tó dé ìlà kẹta, ó kà á ní "Ó rìn ín." Ó dákẹ́. "Àǹtí, ewùrà kì í rìn." Ó fi ìka sórí i, ó wò ó bóyá àmì wà níbẹ̀, ó gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó rin ín." N kò sọ nǹkan kan.

N kò jẹ́ kó kàwé síwájú kíláàsì kó tó tó àkókò. Ọ̀sẹ̀ keje, ọmọ pírámárì 1 ló ń kà á fún, torí ọmọ kékeré kò ní fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Bó bá há sí ibì kan, mo máa ń ka ení dé àrún nínú. Bí kò bá tíì jáde, sílébù àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa sọ. Mo sì kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyẹn ló ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́ ju ohunkóhun lọ. A tún ka pátákó ojú títì. Níbẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé fún un pé "Sagamu" àti "Shagamu", Ṣágámù kan náà ni wọ́n; ó ti rò pé ìlú méjì ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó dìde, ó ka ikọ́kọrẹ́ fún kíláàsì. Ó há síbi "gbé". Ẹnì kan fẹ́ la ẹnu, èyí tó jókòó tì í di ẹnu ẹ̀ mú. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. "Gbé," ló wí, ó sì kà á délẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ó mú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá láti ilé. Àkọlé rẹ̀ ni "Bí a ṣe n yan gàárí". Àmì ìsàlẹ̀ ṣ wà níbẹ̀, orí n nìkan ni kò fàmì sí. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.