Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Àgbà Eléré Béèsìbọ́ọ̀lù Bá Jẹ́ Àlejò Lórí Rédíò

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ atọ́kùn ti bà á jẹ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kí àlejò, wọ́n á wá ní, "Bàbá, ẹ sọ fún wa nípa ìgbà tí ẹ wà nídìí béèsìbọ́ọ̀lù." Ìbéèrè tí kò lórí tí kò nídìí nìyẹn. Ohun tó ti sọ ní gbogbo òde àríyá láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì náà ló máa tún sọ. Ẹ mú eré kan ṣoṣo, kódà bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Àkọsílẹ̀ eré àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Retrosheet àti Baseball-Reference. Bí ẹ bá bi pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń lù ú, pé, "Ní inning kẹjọ, tí ẹni méjì wà lórí base, kí ló dé tí ẹ fi ju curveball?" (inning jẹ́ ìpele eré, base jẹ́ ibùdó tí eléré ń sáré dé, curveball sì jẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ lójú afẹ́fẹ́), ojú rẹ̀ á là, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni fífi ìtàn àgbọ́sọ bi àlejò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Bill Buckner, eléré Red Sox, ní World Series 1986, ìdíje àṣekágbá béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Èrò ọjà ní bọ́ọ̀lù tó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ló gba ife lọ́wọ́ Red Sox. Kí bọ́ọ̀lù yẹn tó kọjá, wild pitch (bọ́ọ̀lù tó ṣìnà débi tí ẹni tó ń gbà á kò fi rí i mú) tí Bob Stanley, pitcher Red Sox, jù ti sọ eré di ọ̀mì, 5–5. Eré kẹfà sì ni. Ìkeje ṣì kù. Ọkùnrin tó lu hit (ìlù tó ń mú eléré dé base) 2,715 ni wọ́n sọ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí àlejò yín bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, tí ẹ sì sọ ọ́ bí èrò ọjà ṣe ń sọ ọ́, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan lẹ máa rí gbà títí ètò á fi parí.

Ẹ má fi iye ayé àtijọ́ wé ti òní láìwo òfin. ERA (ìdíwọ̀n ayò tí pitcher jẹ́ kí wọ́n jẹ ní inning mẹ́sàn-án; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó) 1.12 tí pitcher Bob Gibson ní lọ́dún 1968 wà lára ohun tó mú kí wọ́n gé òkìtì tí pitcher ń dúró lé kúrò ní ínǹṣì 15 sí 10 lọ́dún 1969.

Bí bàbá bá ṣi ọdún mú, ẹ fi í sílẹ̀. Àgbàlagbà kọ́ lèèyàn ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ nítorí 1971 tàbí 1972. Àmọ́ bó bá fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn kan ìwà màgòmágó, kíá ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ti ohùn, àgbà máa ń fẹ̀yìn ti àga, á sì kọjú sí ẹni tó ń bi í léèrè. Àṣìṣe ni kí ẹ máa yí ohùn máíkì sókè, torí ariwo ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò wọlé. Ẹ fa máíkì sún mọ́ ẹnu rẹ̀, bí ìkúùkù kan, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀yìn máíkì náà gan-an. Bó bá kọjú sí yín, inú máíkì ló ń sọ̀rọ̀ sí.

Tó bá wà lórí fóònù, ẹ má dá ohùn rẹ̀ padà sí i létí. Bí èèyàn bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó pẹ́ díẹ̀, á dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ẹ fi gbogbo ohùn yòókù ránṣẹ́ sí i, ẹ yọ tirẹ̀ kúrò. Kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ẹ tó gbé e sórí afẹ́fẹ́, ẹ sọ fún un: òfin FCC, àjọ tó ń bójú tó rédíò ní Amẹ́ríkà, ni.

Àwọn kan máa ń já ìtàn tó dùn sí méjì nítorí orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá bí wákàtí bá pé. Kò di dandan. Ibi ìsinmi ètò tó sún mọ́ wákàtí náà ni FCC béèrè fún. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sanwó kí ẹ lè polówó ọjà àlejò, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orin. Owó tí ilé iṣẹ́ ń san fún ASCAP àti BMI, àwọn àjọ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin, kí orin lè dún lórí rédíò kò bo podcast, nítorí náà ẹ gé orin náà kúrò kí ẹ tó gbé ètò sórí íntánẹ́ẹ̀tì.