Kíkun àwọ̀ sínú púláànù ilé lórí AutoCAD: ẹ kọ́kọ́ di ẹnu ọ̀nà ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń yàwòrán ilé, ya púláànù, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Àbúrò mi ń ya ilé oníyàrá mẹ́ta fún Alhaji kan tó fẹ́ kọ́lé sí Tanke ní Ìlọrin níbí, Alhaji ní òun ò mọ èwo ni pálọ̀ èwo ni kíṣìnnì nínú gbogbo láìnì dúdú yẹn, kí wọ́n bá òun fi àwọ̀ sí i. Àbúrò mi ní kò le rárá. Ó tẹ H, ìyẹn àṣẹ Hatch tó ń kun àwọ̀, ó kílíìkì àárín pálọ̀, ni àwọ̀ bá gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gba kọ́rídọ̀ lọ, ó wọ gbogbo yàrá títí dé balùwẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, ògiri tiẹ̀ sì lanu gan-an torí kò tíì fi ilẹ̀kùn kankan sí i.

Nítorí náà ẹnu ọ̀nà lẹ máa kọ́kọ́ dí. Ẹ dá léyà tuntun sílẹ̀ (léyà dà bí ìpele bébà tín-ín-rín tá a tò léra wọn), ẹ pè é ní enu-ona, ẹ pa àmì pírǹtà tó wà níwájú ẹ̀ kó má bàa jáde lórí bébà, kẹ́ ẹ wá fa láìnì kọjá ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti etí ògiri kan sí èkejì. Ẹ tan Osnap tó ń jẹ́ kí láìnì mú etí ògiri gan-an, F3 nìyẹn, ẹ má fojú díwọ̀n o! Kódà bí ilẹ̀kùn bá ti wà níbẹ̀ ẹ ṣì fa láìnì yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ máa tẹ̀lé ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí, á wá rí rogodo bí ẹni gé àkàrà jẹ.

Ẹ wá dá léyà míì fún àwọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ H, ẹ tẹ Enter, ẹ mú SOLID níbi Pattern, ẹ mú àwọ̀ tó wù yín, ẹ kílíìkì inú yàrá, ẹ tẹ Enter. Ó tán. Ẹ rí i pé gbogbo yàrá yẹn hàn lójú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó kílíìkì o.

Tí AutoCAD bá ní òun ò rí ibi tó dí pa, ẹ wo àwọn róbótó pupa tó máa fi hàn yín, ibẹ̀ ni àlàfo wà. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ lo FILLET, àṣẹ tó ń so láìnì méjì pọ̀, kí Radius ẹ̀ jẹ́ 0, láìnì méjèèjì á pàdé. Gap Tolerance tó ń gbójú fo àlàfo kékeré náà wà, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ọ̀lẹ ló ń kọ́ èèyàn.

Bí àwọ̀ bá bo orúkọ yàrá mọ́lẹ̀, ẹ tẹ HATCHTOBACK, á gbé àwọ̀ sẹ́yìn. Bó bá le jù lójú, ẹ gbé Transparency, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó, sí 50 tàbí 60. Bí gbogbo àwọ̀ bá ṣàdédé pòórá, ẹ má pariwo, ẹ tẹ FILLMODE, ẹ fi 1 sí i kí àwọ̀ lè hàn, kẹ́ ẹ tẹ REGEN kó tún àwòrán náà yà.

Ọ̀rọ̀ pírǹtì ló ká mi lára jù. Ibi tá a gbé e lọ, wọ́n fi monochrome.ctb, ètò pírǹtì tó ń sọ gbogbo àwọ̀ di dúdú, tẹ̀ ẹ́, pálọ̀ Alhaji jáde dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò, owó sì ti lọ. Ẹ mú acad.ctb tó ń jẹ́ kí àwọ̀ jáde fúnra yín, ẹ mákì Plot transparency tẹ́ ẹ bá lo Transparency, ẹ sọ ọ́ di PDF nílé, PDF yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ.

Ẹni tí kò ní AutoCAD, LibreCAD wà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ kọ́kọ́ mú àwọn láìnì tó yí yàrá ká, ẹ lọ sí Hatch, ẹ mákì Solid Fill. Ìyẹn ò gba ìgbàkugbà o, láìnì tí kò bá fẹnu kora pẹ́pẹ́, kò ní kùn ún.