Ẹ Má Fi Ìfẹ́ Pa Ẹyẹ

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́, wọ́n á máa gbé ọmọ ẹyẹ wá bá mi nínú páálí bàtà. Ó máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé rárá.

1. Ẹ má gbé ọmọ ẹyẹ tó ti hu ìyẹ́, tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà nítòsí, ẹ̀yin ló ń dúró dè kí ẹ kúrò. Èyí tí kò tíì hu ìyẹ́, ẹ dá a padà sínú ìtẹ́. Irọ́ ni pé ìyá á kọ̀ ọ́ torí òórùn ọwọ́ ènìyàn.

2. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ìdí ahọ́n ẹyẹ ni ojú ọ̀nà èémí rẹ̀ wà, ibẹ̀ lomi máa gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní gààrí tàbí búrẹ́dì náà. Ẹ̀gà tó ń ba oko àgbàdo jẹ́ pàápàá, kòkòrò ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

3. Ẹ má ra ẹyẹ lọ́wọ́ ẹni tó fi àtè mú un, kí ẹ ní ẹ fẹ́ tú u sílẹ̀. Mo sanwó àdàbà méjì rí lọ́nà Ìdànrè. Nígbà tí mo máa fi padà kọjá lọ́jọ́ kẹta, mẹ́fà ló wà nínú àgò. Owó mi ló rán ẹni tó ń dẹ àtè padà sígbó.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó ń náwó láti pa ẹyẹ kan nítorí òmíràn. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé mi tí ẹ̀gà ń so ìtẹ́ sí. Lọ́dún kan, eku ń gun ọ̀pẹ náà lọ jẹ ẹyin wọn, ni mo bá ra oògùn eku, mo wọ́n ọn sídìí rẹ̀. Irú oògùn yẹn kì í pa eku lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Eku tó bá jẹ ẹ́ máa ń lo bí ọjọ́ mélòó kan, tí á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri, ẹran tó rọrùn mú sì nìyẹn lójú òwìwí.

Mo bá òwìwí náà lẹ́bàá kànga ní kùtùkùtù. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i lẹ́nu, ìyẹ́ àyà rẹ̀ ṣì rọ̀ bí òwú. Àwọn ará àdúgbò ní ẹyẹ àjẹ́ ti kú, wọ́n ń dúpẹ́. Èmi ń sunkún. Òun ló ti ń bá mi pa eku láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni mo pa á.

Ológbò yín nìkan ni kí ẹ tì mọ́lé, torí àwa la gbé e wá sáàárín àwọn ẹyẹ. Àṣá àti ejò kò jẹ gbèsè. Àwọn náà lọ́mọ tó ń retí oúnjẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan wá béèrè ọdẹ tó máa yìnbọn pa àṣá tó ń jẹ ẹyin ẹ̀gà rẹ̀. Mo bá a délé. Ìgbẹ́ eku ló kún ìdí ọ̀pẹ. A gé imọ̀ tó kan òrùlé, a fi páànù dídán yí ara igi ká níbi tó ga ju orí wa lọ kí eku má lè gùn ún, a sì fi wáyà dì í. Owó tó fẹ́ fún ọdẹ ló fi ra páànù náà, ó sì ṣẹ́kù.