Bí Oorun Ológbò Àgbà Bá Yí Padà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Ẹni tó ń kó àgbàdo sí àká, tó ń rọ gàrí sínú àpò, mọ iyì ológbò. Ológbò tó já fáfá lè gba ilé lọ́wọ́ èkúté fún ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ òun náà ń dàgbà, ó sì máa ń tó àkókò kan tí onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé, "Ológbò yìí kàn ń sùn ṣáá ni." Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á fi oúnjẹ dù ú, kí ebi lè lé e lọ sóko ọdẹ. Nínú ilé mìíràn, ológbò náà kò tiẹ̀ sùn mọ́: á máa rìn kiri lóru, á máa ké, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kan oorun.

Àwọn tó ní irú ológbò bẹ́ẹ̀ nílé tàbí ní abà la kọ ìwé yìí fún. Ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú kíka iye wákàtí tó fi sùn. Ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ló yàtọ̀ sí bó ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀, ìgbà wo ló sì yí padà?

Oorun ọjọ́ orí

Ológbò tó lókun, tó sì wà nínú agbára rẹ̀, máa ń sùn tó wákàtí 12 sí 16 nínú wákàtí 24. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara rẹ̀ máa ń yá jù, nítorí náà ẹ má bínú sí ológbò tẹ́ ẹ bá lójú oorun ní ọ̀sán gangan, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Iṣẹ́ òru ló ń sinmi lé lórí.

Láti nǹkan bí ọdún 7 ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá ọdún 10, àwọn dókítà ẹran ti kà á mọ́ arúgbó nìyẹn. Tó bá fi lè dé ọdún 15, ó ti tó ẹgbẹ́ bàbá ẹni ọdún 75, ta ló sì máa ń ní kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ sáré lé èkúté? Ológbò tó dàgbà tó báyìí lè sùn tó wákàtí 18, àní ó lè tó 20 lóòjọ́. Oorun náà kì í wọra bíi ti tẹ́lẹ̀. Á sùn, á jí, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á tún sùn.

Á máa wá ibi tó móoru, pàápàá nígbà ọyẹ́: ẹ̀gbẹ́ ààrò, orí àpò gàrí, ẹsẹ̀ ògiri tí oòrùn ń pa. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé náà wà lára ibi tó máa ń wọ̀ sí. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì náà dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣíná, torí ológbò arúgbó kì í tètè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín mọ́.

Bí àyípadà yìí bá wá díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀pọ̀ oṣù, tí ológbò náà ṣì ń jẹun, tó ń mu omi bó ṣe máa ń mu ún, tó ń fi ahọ́n tún ara rẹ̀ ṣe, tó sì ń dáhùn bẹ́ ẹ bá pè é, ẹ jẹ́ kó sùn.

Oorun ìrora

Ibí ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣì í mú. Ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn á tiro, ẹni tó bá sì rí i á mọ̀. Ológbò kì í sábà tiro. Bí làkúrègbé bá mú un, á kàn dákẹ́ ni, á jókòó sójú kan, àwa náà á sì máa sọ pé ọgbọ́n àgbà ti dé. Wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, nínú èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray wo egungun ọgọ́rùn-ún ológbò tó ti kọjá ọdún 12. Àádọ́rùn-ún nínú wọn ni oríkèé wọn ti ń jẹ. Bí ológbò yín bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí oríkèé ná kẹ́ ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ wo ibi tó ń sùn sí. Ṣé orí àká tàbí ojú fèrèsé ló ti ń sùn tẹ́lẹ̀, tó wá di ilẹ̀ báyìí? Ṣé ó ti ń kọ́kọ́ gun àpótí, kó tó gun tábìlì, kó tó dé ibi tó ń fò gùn lẹ́ẹ̀kan náà láyé àtijọ́? Ẹ tún wo bó ṣe ń sùn. Ológbò tí ara tù máa ń na ara gbalaja. Èyí tí ara ń ro máa ń ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ikùn, á gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, á wá dijú láìsùn. Irun ìbàdí á lọ́ pọ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Èékánná á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà mìíràn á ká wọnú àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti má jẹ́ kó rìn.

Ìtọ́jú ilé kò náni lówó púpọ̀. Ẹ wá páálí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga, ẹ tẹ́ àlòkù ìró tàbí súwẹ́tà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Bó bá ní ibi gíga kan tó fẹ́ràn, ẹ to àpótí síbẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ọpọ́n iyanrìn tó ń yàgbẹ́ sí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ lè tètè gbé kọjá, kó má sì jìnnà sí ibi tó ń sùn. Ẹ máa yẹ èékánná rẹ̀ wò lóṣooṣù, kẹ́ ẹ gé ṣóńṣó orí rẹ̀ díẹ̀, láìdé ibi tó pupa nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ológbò ní parasítámọ̀. Kò sí oògùn ilé tó ń pa ológbò lọ́nà ìrọ̀rùn báyìí, torí ara rẹ̀ kò ní ohun tí ara ènìyàn fi ń sọ oògùn náà di aláìlágbára. Hóró kan ṣoṣo tó jẹ́ 500 mg lè pa á. Èrìgì rẹ̀ á di aláwọ̀ búráùn, ojú rẹ̀ á wú, èémí á sì máa há a. Ibuprofen pẹ̀lú kò dára fún un. Róòbù tí a fi ń pa oríkèé náà kò dára, nítorí ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi pa ológbò lára, á lá a. Káńfọ̀ tí a ń jù sáàárín aṣọ kò gbọ́dọ̀ sí níbi tó ń sùn. Oògùn ìrora tó wà fún ológbò wà lọ́wọ́ dókítà ẹran, òun ló sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ológbò tó ń ké lóru

Ọ̀rọ̀ yìí ń gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ológbò láàárín wa. Ológbò arúgbó á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní aago méjì òru, igbe gígùn tó jọ ẹkún ọmọdé, àdúgbò á gbọ́, wọ́n á ní àjẹ́ ń jẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti sọ ọ́ lókùúta. Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò náà, tẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i sẹ́yìn ààrò yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rù gbà á lọ́wọ́ yín. Igbe náà ní ìdí, a sì lè wá ìdí rẹ̀.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò ni àrùn táíróìdì, ohun kékeré kan tó wà lọ́fun, tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ọdún 1979 ni àwọn dókítà ẹran kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lára ológbò, ó sì ti wá di ọ̀kan nínú àrùn tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ti dàgbà. Ológbò tó ní in á máa jẹun bí ẹni tí kò jẹun rí, síbẹ̀ á máa rù. Kò ní lè sinmi, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, á sì máa ké. Onílé á máa yọ̀ pé arúgbó òun tún ti padà di ọmọdé. Kì í ṣe ọmọdé ló dà, ara ló ń jó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń bẹ nínú ológbò. Ó sábà máa ń bá àrùn kíndìnrín tàbí ti táíróìdì rìn, ó sì lè fọ́ ojú lójijì: ẹ óò rí i pé ẹyin ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbàràgàdà láàárín ìmọ́lẹ̀, ó sì ń kọlu ìdí àga. Ẹ gbé irú ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ìgbọ́ràn tó ti lọ náà ń mú kó ké kíkan, torí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́.

Ológbò sì ń ṣarán. Nínú ìwádìí àwọn dókítà ẹran, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú àwọn ológbò ọdún 11 sí 14 tó ń fi ó kéré tán àmì kan hàn. Láti ọdún 15 sókè, ó tó ìdajì. Ọ̀sán á di òru lójú rẹ̀. Á dúró níwájú ògiri bí ẹni pé ó gbàgbé ohun tó wá ṣe, á jẹun tán á tún wá béèrè oúnjẹ, á sọnù nínú yàrá tó ti ń gbé láti kékeré. A kì í wò ó sàn, àmọ́ a lè mú kó rọrùn fún un.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lóru ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ sùn. Ẹ fi okùn bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé oúnjẹ tó kẹ́yìn fún un nígbà tẹ́ ẹ̀yin náà bá ń lọ sùn, torí ológbò tó bá yó á sùn. Ẹ tan iná kékeré sílẹ̀ fún un. Àtùpà oníbátìrì dára ju àbẹ́là lọ. Ẹ má máa sún àga àti àpótí kiri. Bó bá ké, ẹ má nà án, ẹ má sì dìde fún un ní ẹja ní aago mẹ́ta òru, tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kọ́ ọ nìyẹn.

(Bó bá jẹ́ abo ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì yọ ilé ọmọ rẹ̀ ló ń ké tó sì ń yíràá nílẹ̀, akọ ló ń wá. Ìwé mìíràn nìyẹn.)

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la

Nígbà tó bá ń sùn, ẹ wo ìhà rẹ̀. Ìgbà tó bá gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀, èémí kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kò yẹ kó ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá sùn dáadáa. Bó bá ń ju bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ló ń ké sí yín. Èyí tó bá ń la ẹnu mí bí ajá, ẹ má tiẹ̀ kà á mọ́, ẹ gbé e lọ.

Ológbò tó ń sùn tí kò sì jẹun fún odindi ọjọ́ kan ti tó ohun tí à ń pe dókítà sí. Tó bá di ọjọ́ kejì, pàápàá bó bá jẹ́ ológbò tó sanra, ọ̀rá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àrùn yẹn sì le ju èyí tó kọ́kọ́ gbé e dè lọ. Akọ tó ń lọ síbi ìtọ̀ léraléra tí nǹkan kan kò jáde, ọ̀rọ̀ wákàtí ni. Èyí tó ń mu omi lámujù, tó ń tọ̀ látọ̀jù, á fẹ́ kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti ìtọ̀ ṣúgà wò láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ọ̀kan kù tó kan ẹ̀yin gan-an. Ológbò tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó ń sá pamọ́ tàbí tó ń bu ènìyàn jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ẹni tó bá ti bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Oúnjẹ

Ẹran àti ẹja ni oúnjẹ ológbò. Ẹ̀bà tí a fi omi ọbẹ̀ tọ́ kò lè gbé arúgbó ológbò ró, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ bọ ẹja láìfi iyọ̀ àti ata sí i, ẹ yọ egungun, kẹ́ ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Eyín tó ń dùn ún wà lára ohun tó ń lé ológbò kúrò nídìí àwo. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ibi méjì.

Kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà ẹran

Ẹ fi fóònù ká fídíò bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń ké, torí tó bá dé iwájú dókítà, ẹ̀rù á sọ ọ́ di ológbò mìíràn. Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù: ẹ gbé e dání kẹ́ ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ tún dá gùn ún, kẹ́ ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ológbò kílò 4 tó bá fi 400 gíráàmù dín ti sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ nù, ojú lásán kò sì ní tètè rí i lábẹ́ irun. Ẹ máa kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ní dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹran sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ó yẹ kí èyí tó ti kọjá ọdún 10 máa lọ, kódà bí kò bá ṣe é nǹkan kan.

Ta ni yóò wá máa lé èkúté?

Òótọ́ ni pé ilé tí kò ní ológbò, ilé èkúté ni. Àmọ́ kì í ṣe ebi ló ń mú ológbò ṣọdẹ dáadáa, ebi kò sì ní dá orúnkún arúgbó padà. Ẹ gbé gàrí àti ẹ̀wà sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, èyí tó tún dára nítorí ibà Lásà tí èkúté ń gbé kiri. Ẹ má da májèlé èkúté sílẹ̀ nínú ilé tí ológbò wà, nítorí arúgbó tí kò lè lé èkúté tó yè kooro mọ́ á gbé èyí tó ti ń kú lọ jẹ. Ọtapíàpíà tí a ń fọ́n sínú yàrá lè pa òun náà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ológbò ọ̀dọ́ wálé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí arúgbó náà ṣì ní okun díẹ̀. Ẹ fi ọmọ tuntun náà sí yàrá ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n ń sùn lé kí òórùn wọn lè mọ ara wọn, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n ríra. Àwo méjì, ọpọ́n iyanrìn méjì, páálí méjì. Èyí tó bá sún mọ́ ààrò jù nínú páálí méjèèjì, ti arúgbó ni.