Àṣìṣe Tó Ń Ba Ẹ̀dá Ìtàn Ayé Kírìjì Jẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa Ìbàdàn lásìkò ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kó má gbé èrò ọmọ Èkó òde òní sí agbárí ará ìgbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń ṣubú.

Ẹ má kàn fún ẹ̀dá ìtàn lórúkọ tó bá ṣáà ti dùn létí yín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ onílù ni Àyándélé, ọmọ eléégún ni Ọjẹ̀níyì, ọmọ ọdẹ ni Ọdẹ́wálé. Bí onílù yín bá ń jẹ́ Adéwálé, òǹkàwé á máa retí ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ bó ṣe tan mọ́ ilé ọba. Dáníẹ́lì pàápàá kì í ṣe èèwọ̀: Hinderer, míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ti fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé láti 1853. Àmọ́ ta ló mú Dáníẹ́lì yín dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù, ojú wo sì ni wọ́n fi ń wò ó ní agbo ilé bàbá rẹ̀?

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti obìnrin akíkanjú. Òǹkọ̀wé fẹ́ ká rí i pé ìyàwó ilé yìí kì í ṣe ojo, ló bá ní kó dojú kọ ìyá ọkọ rẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin bí ẹni tí wọ́n pè sórí rédíò. Ìyàwó tí kò jẹ́ pe àbúrò ọkọ lórúkọ, tó jẹ́ pé "ọkọ mi" tàbí "Adúmáradán" ló ń pè é! Bí inú bá ń bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nídìí ọlọ ló ti máa fi orin sọ ọ́: kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo agbo ilé sì mọ ẹni tó ń bá wí. Ẹ kọ ìyẹn, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa ta. Bó bá sì jẹ́ alágbára gidi lẹ fẹ́, ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fáwọn ológun, tó sì kọjú sí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, títí wọ́n fi rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, ṣáájú ogun yìí. Ẹrú rẹpẹtẹ ló ní. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ ká fẹ́ràn ẹ̀dá ìtàn yín kó ẹrú àti ìwọ̀fà kúrò nílé ẹ̀. Ta ló wá ń ro oko náà?

Owó ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè fa ọ̀kẹ́ kan yọ lápò dàńṣíkí. 20,000 owó ẹyọ ni, ẹrù orí géńdé. Ti àkókò náà ńkọ́? Ẹ yọ "ìṣẹ́jú márùn-ún" kúrò lẹ́nu wọn, torí aago kọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n àkókò.

Gbogbo ẹnu kọ́ ló sì ń pòwe. Ọmọdé tó bá pa á lójú àgbà láìní "tótó, ó ṣe bí òwe", àrífín ni. Ìjẹ̀ṣà tó wà ní ibùdó ogun, "ulé" àti "usu" ló wà lẹ́nu ẹ̀, kì í ṣe "ilé" àti "iṣu". Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí èdè Ìjẹ̀ṣà yìí yọ, nígbà tẹ́rù bá bà á tàbí tínú bá bí i, torí ẹni tó ń kà á l'Ọ́yọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ lè bá a lọ.